Bí Ọdẹ́wùmí Ṣe Mú Kí Wọ́n La Ọ̀fun Adánìkangbóhùn Sí Méje

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èwe, ẹ̀yin àgbà. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó yáa lọ tọ̀ báyìí, nítorí ìtàn tèmi kì í dúró de ẹni tó bá lọ sẹ́yìnkùlé. Ìtàn náà dìde, ó na apá, ó gbọn eruku ìdí rẹ̀ nù, ó fi orí lé ọ̀dọ̀ obìnrin ọdẹ kan tí ń jẹ́ Ọdẹ́wùmí. Mo mọ obìnrin náà bí mo ṣe mọ orúnkún ara mi tó ń dùn mí láràárọ̀. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ìdí Ọdẹ́wùmí tóbi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí kúrò lọ́nà. Bí ó bá fara pamọ́ sẹ́yìn igi ìrókò, ìdí náà á yọ lápá òsì, á yọ lápá ọ̀tún. Ẹran á rí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ibi tí ẹran bá ti ń rẹ́rìn-ín ni ìbọn á ti dún. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ pé, “Oògùn ni ọdẹ mìíràn fi ń pa ẹran. Èmi, ìdí ni mo fi ń pa á.”

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ìbídùn lorúkọ rẹ̀. Ìbídùn dàgbà, ó ní ahunṣọ kan ní ìlú Ẹ̀bá-Òwú lòun yóò fẹ́, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í jẹ ẹran ìgbẹ́. Ẹ gbọ́ o! Ọmọ ọdẹ, tí ẹran gbígbẹ kún àjà ilé ìyá rẹ̀, ẹni tí kì í jẹ ẹran ìgbẹ́ ló lọ rí! Inú bí Ọdẹ́wùmí. Ó fa àdá yọ, ó fi ahọ́n kan irin, ó ní, “Bí o bá fẹ́ ẹ, ẹsẹ̀ mi kò ní í tẹ ìlú rẹ, ojú mi kò sì ní í rí ojú rẹ mọ́.” Ìbídùn sunkún, ó nu ojú rẹ̀, ó lọ fẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í fi irin ṣeré. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi ahọ́n so mọ́ irin, a kì í ránṣẹ́ tú u. Ẹnu tó so ó ni yóò tú u, etí tó gbọ́ ọ ni yóò gba títú rẹ̀, ẹni náà yóò sì dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé òun gbọ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí Ọdẹ́wùmí bá fi ẹsẹ̀ kan Ẹ̀bá-Òwú, irin yóò bá ìyá jà, yóò sì bá ọmọ jà.

Ọdún kẹta, oníṣòwò iyọ̀ kan ń kọjá lọ, ó ní, “Ìyá Ìbídùn, ẹ kú oríire o! Oyún ọmọ yín ti pé oṣù mẹ́ta.” Ọdẹ́wùmí jó, ó jó débi ààrò, ó wá rántí irin, ó jókòó sínú eérú. Ta ni yóò wẹ ọmọ náà? Ìyá ìyàwó ló ń lọ wẹ àkọ́bí, òun ló ń fi omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá ọmọ. Bí ìyá bá wà láàyè tí kò lọ, ọ̀tá á ní kí ló dé, ọ̀rẹ́ á ní kí ló dé, ọmọ náà fúnra rẹ̀, bí ó bá dàgbà, á ní kí ló dé.

Ní ayé ìgbà yẹn, ẹnìkan ṣoṣo ló ń gbé ohùn láti ìlú kan dé òmíràn: iwin ńlá kan tí ń jẹ́ Adánìkangbóhùn. Láti inú ọ̀fun rẹ̀ ni ìtàkùn ti ta lọ sí gbogbo ìlú, igbá kékeré kan sì wà lẹ́nu ìtàkùn kọ̀ọ̀kan. Bí o bá sọ̀rọ̀ sínú igbá tìrẹ, ohùn rẹ á gba ọ̀fun iwin náà kọjá, á jáde nínú igbá ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí fóònù ń ké lápò yín bí ìrẹ̀ yìí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn bàbá yín mọ ìgbà tí tẹlifóònù kan ṣoṣo wà ládùúgbò, tí onílé ń fi àgádágodo tì í bí ẹni ti ìkòkò ẹran.

Adánìkangbóhùn ṣòfin pé ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ gbé ohùn. Ayékòótọ́ kan dán an wò, ó gbé ìkíni kan ré kọjá odò. Wọ́n fi okùn di ẹnu rẹ̀ títí ó fi gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ àyàfi orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kó lọ kọ orúkọ ní ibodè iwin náà nínú igbó, kó máa retí.

“Èmi kò ní í retí,” Ọdẹ́wùmí ní. “Oyún kì í retí ẹnikẹ́ni.” Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó gbọ̀nà igbó.

Ilẹ̀ tí ó rìn kò ṣeé sọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ kò sì ní ẹnu. Ó dé Igbó Àwọn Adúródè. Àwọn ènìyàn ló tò síbẹ̀ lọ bí ààlà oko, gbogbo wọn ń retí kí ìtàkùn kàn wọ́n. Wọ́n ti retí títí ewédò fi hù sí wọn lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tí olú hù sí lórí, funfun, ó nípọn.

“Bàbá, ẹ kú ìdúró,” Ọdẹ́wùmí ní.

“A dúpẹ́, ìyá. Ṣé ẹ̀yìn mi lẹ wà?”

“N kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Kí lẹ fẹ́ lọ sọ nínú igbá?”

“Mo fẹ́ sọ fún àfẹ́sọ́nà mi pé kó dúró dè mí.”

“Ọdún mélòó lẹ ti wà níbí?”

“Olú ti hù lórí mi nígbà méjìdínlógún. Ti ọdún yìí dára, ẹ já díẹ̀, ẹ fi se ọbẹ̀.”

Ó já díẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ebi ń pa á, olú náà sì dùn.

Ó dé ẹnu ibodè. Ẹni tí ń ṣọ́ ọ, etí rẹ̀ kan fẹ̀ bí ẹní, ẹnu rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Gbogbo ẹjọ́ tí ayé ń wá rò fún ọ̀gá rẹ̀ ló ń wọ etí náà. Kò sí ìdáhùn tó lè gba ẹnu náà jáde. Ó fi ohùn tín-ínrín ní, “Bí o bá já àlọ́ mi, wàá fo ìlà. Kí ló ń fún gbogbo ayé ní ohun tí ayé kò fẹ́, tí gbogbo ayé sì ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?”

Ọdẹ́wùmí ronú. Ó họ orí. Ó ní, “Ọkọ mi àkọ́kọ́.”

Oníbodè kò tíì rẹ́rìn-ín láti ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ̀rín náà wá ọ̀nà, kò rí. Ó fipá ya ẹnu rẹ̀ fẹ̀ títí ó fi tó ẹnu ènìyàn. “Kọjá, ìyá, kọjá!” ó ń nu omijé. “Ọ̀gá mi ni ìdáhùn gan-an, ṣùgbọ́n tìrẹ dára jù.”

Bẹ́ẹ̀ ni Ọdẹ́wùmí ṣe dé iwájú Adánìkangbóhùn. Ọrùn rẹ̀ tóbi bí igi àràbà, ohùn gbogbo ìlú sì ń hó nínú rẹ̀ bí oyin nínú ihò. Ọdẹ́wùmí kúnlẹ̀, ó kí i. Kò dáhùn. Ó tún kí i. Iwin náà ń fi igi ta eyín.

“Sọ ohun tí o bá wá,” ó ní nígbẹ̀yìn. “Kí o sì dúpẹ́ kí o tó sọ ọ́, nítorí bí kò bá sí èmi, ohùn gbogbo yín á ṣubú sínú ẹrẹ̀.”

Ọdẹ́wùmí dúpẹ́. Ó ní òun fẹ́ bá ọmọ òun sọ̀rọ̀ ní Ẹ̀bá-Òwú. Iwin náà ní, “Ìwọ̀n ìgbà tí àkàrà kan fi ń pọ́n nínú epo ni mo fún ọ.” Ó sì da àkàrà kan sínú epo lóòótọ́, ṣàà!

Ọdẹ́wùmí gbá igbá tó wà níwájú iwin náà mú. “Ìbídùn!”

“Ta nìyẹn? Màámi? Ṣé ẹ̀yin ni?”

Ohùn ọmọ rẹ̀ wọ̀ ọ́ lára. Ọ̀rọ̀ tí ó bá wá wà lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá wo ló ń wọlé ọ̀rọ̀ láìkan ilẹ̀kùn? “Èmi ni o. Ẹ kú ilé. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú àìrí ara. Ṣé àlàáfíà ni? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ńkọ́? Òwú ọdún yìí ńkọ́? Ewúrẹ́ yín ńkọ́?”

“Ó ti bímọ, Màámi. Akọ kan, abo kan.”

“Háà! Ẹ bá mi kí i kú ewu ọmọ o! Ìbídùn, ohun tó mú mi wá ni pé…”

Gbàmù! Igbá pa ẹnu dé. Àkàrà ti pọ́n. A ti kí ewúrẹ́ kú ewu, a kò tíì bá aboyún sọ ohun tó gbé wa wá.

“Ọ̀rọ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ yìí!” Ọdẹ́wùmí kígbe.

“Lọ tò sẹ́yìn. Ẹni tó bá ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í pẹ́: á tún kàn ọ́ ní ọdún mẹ́rin òní.”

“Ọmọ á ti máa sáré kiri nígbà náà!”

“Nígbà náà, wàá kí òun náà,” iwin náà ní, ó sì ya ẹnu rẹ́rìn-ín.

Bí ó ti ya ẹnu ni Ọdẹ́wùmí fò wọ inú rẹ̀, ó ní òun ń lọ wo ibi tí ọ̀rọ̀ òun dúró sí.

Ó yọ̀ lọ gbuurugbu títí ó fi dé ikùn. Ẹ̀rù ti bà á, afẹ́fẹ́ ti ń bọ́ nídìí rẹ̀ láìgba àṣẹ, ṣùgbọ́n ibi tí ó bọ́ sí mọ́ ju yàrá ìyàwó tuntun lọ. Àwọn alágbẹ̀dẹ arúgbó ló kún ibẹ̀, ara wọn ń dán, wọ́n ń ro àròjinlẹ̀. Olórí wọn, Arótán, mú un káàkiri. Ó gbé ìkarahun ìgbín kan fún un, ó ní, “Sọ̀rọ̀ sí i.”

“Ìdí ń dùn mí,” Ọdẹ́wùmí ní.

“Gbé e sí etí.”

Ìkarahun ní, “Ìdí ń dùn mí.” Ohùn Ọdẹ́wùmí ni, kò yingin. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ nù.

“Ìgbà wo lẹ ṣe èyí?”

“Kí wọ́n tó bí ìyá rẹ. A tún ní hóró iyanrìn kan níbí tó ń dá ronú.”

“Kí ló dé tí ayé kò rí wọn?”

“Ọ̀gá ní, bí ohùn bá lè dúró de ènìyàn, ènìyàn kò ní í dúró de òun mọ́. Ó ní kí a gbé e sí àjà.”

“Kò sì dùn yín?”

Arótán wò ó bí ẹja tí wọ́n bi pé ṣé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. “Kí ni yóò dùn wá? Ó ń bọ́ wa yó, kò sì sí ẹni tó ń lé wa. A lè fi ogún ọdún ro ohun kan ṣoṣo.”

Ọdẹ́wùmí fi ìkarahun kan há àyà, ó wá ọ̀nà àbájáde. Ọ̀nà méjì ló wà láti jáde nínú iwin. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa nínú òkùnkùn, ó yan èyí tí kò yẹ. N kò ní í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí mo rí i pé àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun. Ẹ sáà mọ̀ pé ọjọ́ méje ló fi wẹ̀.

Nígbà tí òórùn náà fi í sílẹ̀ tán, ó lọ fẹjọ́ iwin náà sun Olú-Igbó, ọba gbogbo iwin, tó ń jókòó lórí ògán. Ọba ránṣẹ́ pe Adánìkangbóhùn. Ọdẹ́wùmí gbé ìkarahun jáde, ó jẹ́ kí ọba gbọ́ bí ìdí òun ṣe ń dun òun; gbogbo ìgbìmọ̀ hó yèè.

“Kábíyèsí,” Adánìkangbóhùn ní, “ọ̀kan ni oòrùn, kò sì sí ẹni tó ń rojọ́ rẹ̀.”

“Oòrùn kì í ní kí a kọ orúkọ kí ó tó ràn,” Ọdẹ́wùmí dá a lóhùn.

Ọba rẹ́rìn-ín. Ó pàṣẹ kí wọ́n gé ọ̀fun Adánìkangbóhùn sí méje, bí a ti ń gé èbù iṣu. Òkété àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ rọra ní, “Kábíyèsí, èbù tí a gé kì í gbàgbé pé iṣu ńlá lòun jẹ́ rí.” Wọ́n ní kó jókòó.

Wọ́n gé e, wọ́n gbìn ín. Kò ṣẹ̀jẹ̀, kò ké. Kí oòrùn tó wọ̀, èbù kọ̀ọ̀kan ti hu orí, ó ti hu ẹnu, ó sì ti ń fọ́nnu. Wọ́n pe ara wọn ní Èkínní, Èkejì, Ẹ̀kẹta, títí dé Èkeje.

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ wá wo ìyanu! Àwọn tí bàbá wọn kò dáhùn ìkíni Ọdẹ́wùmí, àwọn ló ń dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ẹrẹ̀.

“Ìyá wa dáadáa! Ọ̀sán gbogbo lẹ lè fi sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ mi!”

“Ìyá, irọ́ ló ń pa! Lọ́dọ̀ tèmi, àárọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú!”

“Èmi á bá yín gbé òórùn ọbẹ̀ pẹ̀lú ohùn!”

“Ìdí yín dára o, ìyá!”

“Ìyẹn mo mọ̀,” Ọdẹ́wùmí ní, ó gba ìtàkùn lọ́wọ́ Èkínní, nítorí òun ló kígbe jù.

Kí oṣù tó kú, kò sí ahéré tí ìtàkùn kò dé. Ìkarahun tí wọ́n fi pamọ́ láti ayébáyé kún ọjà bí èpà. Ewé kan jáde tó ń fi ojú ẹni tí ń sọ̀rọ̀ hàn. Òmíràn jáde tó ń sọ fún ọ bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Igbó Àwọn Adúródè ṣófo, àyàfi ọkùnrin olú. Ìtàkùn méje ló wé mọ́ ọn lára. “Ìyá,” ó ní, “gbogbo wọn ló fún mi ní tiwọn. Ta ni kí n pè?”

 Ọdẹ́wùmí sáré délé, ó gbé igbá rẹ̀, ó pe Ẹ̀bá-Òwú.  Èkínní ló fi ohùn oyin dáhùn, “Ìyá, ohùn yín ti dé bèbè, ó jókòó. Orí ìtàkùn Ẹ̀kẹta ni ọmọ yín wà. A kì í bá ara wa sọ̀rọ̀.”

“Ṣebí inú ọ̀fun kan náà lẹ ti jáde?”

“Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ṣé ẹ̀yin kò ní àbúrò ni?”

 Ọdẹ́wùmí ní àbúrò lóòótọ́. Ó lọ sọ́dọ̀ Ẹ̀kẹta, Ẹ̀kẹta ní òun kò ta ìtàkùn dé ìlú ọdẹ, àwọn ọdẹ ń pariwo jù. Ní gbogbo ojú ọ̀nà, àwọn ènìyàn ń rìn pẹ̀lú igbá méje lọ́rùn, wọ́n ń dún gbọ̀ngbọ̀n bí ẹran tí a so agogo mọ́. Oyún ti wọ oṣù kẹsàn-án.

Ó padà sọ́dọ̀ ọba, ó fi igbá lu ògán rẹ̀. Ọba gbọ́, ó ṣòfin tuntun: ìtàkùn tó bá kọ ohùn arákùnrin rẹ̀, kí ewúrẹ́ jẹ ẹ́. Ọjọ́ náà ni gbogbo wọn ṣílẹ̀kùn, wọ́n ní ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn àwọn.

Bí ó ti ń padà bọ̀, ó rí Arótán lẹ́bàá ọ̀nà, ikùn ọ̀gá tó ń bọ́ ọ ti tú ká, ó ti rù. Orin ló ń tà, orin kúkúrú tí igbá fi ń dún. “Hóró iyanrìn yín ńkọ́?” Ọdẹ́wùmí bi í. “Ó ti jáde, ayé ń lò ó,” Arótán ní, “ṣùgbọ́n èyí tó yẹ kó tẹ̀lé e kò tíì sí. Àwọn ọ̀gá méje ní kí n ṣe ohun tí yóò tà kí ọjà ọ̀la tó tú. Ìyá, ẹ ra orin kan. Ó ní ti àkùkọ.”

Níwájú díẹ̀, ó bá Ẹ̀kẹta lórí àpáta, ikùn rẹ̀ ti tóbi, ẹsẹ̀ Ẹ̀karùn-ún ṣì yọ lẹ́nu rẹ̀. “Kí lò ń ṣe?” Ọdẹ́wùmí bi í.

“Àjọṣe ni, ìyá,” ó ní, ó sì gbé e mì. Èkejì ti bá Ẹ̀kẹfà ṣe àjọṣe ní àná. Ọrùn wọn ti ń nípọn.

Ọdẹ́wùmí kò dúró wò. Ó délé bí oòrùn ti ń yọ, ó gbé igbá, ó pe ọmọ rẹ̀. Kí ó tó gbé itọ́ mì, Ìbídùn ti dáhùn, ohùn rẹ̀ mọ́ bí ẹni tó jókòó sórí àkéte kan náà. Kò sí àkàrà nínú epo, kò sí ìlà, kò sí oníbodè. Gbogbo àárọ̀ àti gbogbo ọ̀sán jẹ́ ti Ọdẹ́wùmí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí i.

Ó kí ọkọ. Ó kí ìyá ọkọ. Ó kí ẹsẹ̀ ìyá ọkọ, ọ̀tún lọ́tọ̀, òsì lọ́tọ̀. Ó kí òfì tí ọkọ fi ń hunṣọ. Ó kí ewúrẹ́, ó béèrè orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní a kì í sọ ewúrẹ́ lórúkọ, ó sọ wọ́n lórúkọ. Oòrùn dé àtàrí, ó ń kí òrùlé wọn, ó ń béèrè bóyá ó ń jò. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ irin bá dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, á yà á sílẹ̀, á wá nǹkan mìíràn kí.

“Màámi,” Ìbídùn ní nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ ti rẹ̀. “Láti àárọ̀ lẹ ti ń kí wa, a dúpẹ́. Nítorí yín ni wọ́n ṣe la ọ̀fun iwin sí méje. Tiyín ńkọ́? Ìgbà wo la máa là á?”

Ọdẹ́wùmí wò yíká, ó ń wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi. Kò rí. Igbá là sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń dúró dè é.

“Ìbídùn,” ó ní, “ìgbéraga ni. Kì í ṣe nítorí ẹran ìgbẹ́. O yan ohun tí n kò yàn fún ọ, ó dùn mí. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ahọ́n so mọ́ irin, ẹnu mi tú u. Ojú mi fẹ́ rí ojú rẹ. Má bínú sí mi.”

Igbá dákẹ́ lọ gbári.

“Ìbídùn! O gbọ́dọ̀ dáhùn! Ṣé o gbọ́?”

“Ìyá wa,” Èkínní fi ohùn oyin yọjú, “bí ẹ ti ń dúró yìí, ṣé ẹ kò ní í gbọ́ orin àkùkọ…”

“Kí àkùkọ ṣu sí ọ lẹ́nu! Gbé ọmọ mi fún mi!”

“Mo gbọ́, Màámi.” Ìbídùn ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. “Mo gbọ́ ọ, mo gbà á. Ẹ máa… yéè! Màámi, yéè!”

“Kí ni?”

“Omi ti ń dà lẹ́sẹ̀ mi!”

Igbá bọ́ lọ́wọ́ Ọdẹ́wùmí. Obìnrin tó kí ewúrẹ́ kú ewu, tó kí òrùlé, tó kí òfì, kò rántí sọ pé ó dàbọ̀. Ó ti wọ igbó, ó káṣọ sókè, ìdí rẹ̀ ń fì síhìn-ín, ó ń fì sọ́hùn-ún, àwọn ẹran ń rẹ́rìn-ín, kò sì ráyè ìbọn.

Ibi tí ó sáré dé ni ìtàn náà jókòó sí, èmi náà sì jókòó tì í. Bí mo bá fi irọ́ kan kún un, kí ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà, tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀, tó jókòó sáàárín yín tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín yìí, dìde kó sọ bẹ́ẹ̀.